Kí Òfin Ṣáájú Ẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì yẹ kí a tún gbé mì mọ́. Bí a bá fi ẹ̀sùn kan eléré ìdárayá pé ó lu aya rẹ̀ nílé, kí ni ó tọ́ kí ẹgbẹ́ tí ó ń ṣeré fún ṣe sí i? Àwọn kan yóò wí pé kí a lé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò kan ẹgbẹ́. Àwa kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí a tó bá ẹlòmíràn wí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá ara wa wí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a wà lára àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe bàbá ìsàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan. Ọ̀sẹ̀ àṣekágbá ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jùlọ nínú wọn wọlé tọ̀ wá wá, ó fi ìborùn bo ojú rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ó ṣí i, ojú náà ti wú débi pé kò lè là. Àánú rẹ̀ ṣe wá, a bu omi fún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa sọ pé, “Ìyàwó wa, mú sùúrù. Ọjọ́ Sátidé ni àṣekágbá. Bí ó bá ti kọjá, a ó pè é, a ó sì bá a wí gidigidi.” Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá mi.” Ó sì lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé e lé èjìká, inú gbogbo wa dùn. Kò sí ẹni tí ó rántí pè é mọ́. Kí ọdún tó yí po, obìnrin náà ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí a tún pàdé rẹ̀ ní ọjà Òkè-Ajé, ó kúnlẹ̀ kí wa bí ó ti máa ń ṣe, kò sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìkíni yẹn gún wa lọ́kàn ju èébú lọ.

A kò dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé àwa ni a jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn wúndíá àti ìyá ọmọ tí wọ́n mọ ohun tí a ń wí pọ̀ ní ìlú. Nígbà tí a jókòó ro ara wa wò, a rí i pé kì í ṣe pé a kórìíra òtítọ́. Ohun tí ó ṣe wá ni pé kò sí òfin kankan nílẹ̀ tí ó sọ ohun tí ẹgbẹ́ gbọdọ̀ ṣe. Nítorí pé kò sí òfin nílẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni ó di adájọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìlówó tàbí àìlajú ni ó ń fa irú èyí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí owó eré ìdárayá ti pọ̀ ju ti ibi gbogbo lọ, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 15 oṣù February, 2014, ní ìlú Atlantic City, Ray Rice, ìlúmọ̀ọ́ká eléré nínú ẹgbẹ́ Baltimore Ravens tí ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti àwọn ará Amẹ́ríkà, lu àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dákú nínú ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gun òkè ilé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwòrán jáde níbi tí ó ti ń wọ́ obìnrin náà jáde nínú ẹ̀rọ náà bí ẹni wọ́ ẹrù. Ní ọjọ́ 24 oṣù July, olórí ìdíje bọ́ọ̀lù náà, Roger Goodell, dá ẹjọ́ rẹ̀: kí ó fi eré méjì péré jókòó. Ariwo ta. Ní ọjọ́ 28 oṣù August, olórí yìí kan náà jẹ́wọ́ pé òun ṣìṣe, ó sì gbé ìlànà tuntun kalẹ̀: eré mẹ́fà fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dẹ́ṣẹ̀, ìlékúrò fún ẹni tí ó bá tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní ọjọ́ 8 oṣù September, àwòrán kejì jáde, èyí tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ náà gan-an han gbogbo ayé. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e, tí ìdíje sì dá a dúró láìní gbèdéke. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù November, Barbara Jones, adájọ́ tẹ́lẹ̀rí tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, fagi lé ìdádúró náà. Ó rí i pé Rice kò purọ́ fún àwọn olórí ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ wo ẹjọ́ yìí. Kí ni ó yí padà láàárín oṣù July àti oṣù September? Ẹ̀ṣẹ́ náà kò yí padà. Obìnrin náà kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni pé ojú àwọn èrò ti rí i. Nígbà tí ojú èrò kò tíì rí i, ìyà náà kéré jù. Nígbà tí ojú èrò rí i tán, ìyà náà pọ̀ ju ohun tí òfin lè gbé ró, ó sì wó. Ìdájọ́ tí a kò fi òfin wọ̀n ṣáájú, ariwo ni yóò wọ̀n ọ́n. Bí ó ti rí ní Atlantic City ni ó rí nínú ìpàdé tiwa: ohun tí a ń bẹ̀rù ni a ń wò, a kò wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rù ariwo. Àwa bẹ̀rù kí a má pàdánù ife ẹ̀yẹ.

Àwọn tí ń ṣe ìdíje bésíbọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ náà fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ọgbọ́n. Ní oṣù August, 2015, àwọn olórí ìdíje àti ẹgbẹ́ àwọn eléré fúnra wọn jọ fọwọ́ sí ìlànà kan, kí ẹnikẹ́ni má baà lè wí lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò mọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé a lè yọ ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn sí apá kan fún ọjọ́ díẹ̀, láìgba owó rẹ̀, kí a lè ráyè wádìí. Wọ́n sì fẹnu kò pé ìdájọ́ ìdíje kò ní dúró de ti ilé-ẹjọ́. Ní oṣù March, 2016, wọ́n fi ìlànà náà dá Aroldis Chapman dúró fún eré 30, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kò gbé e lọ sí kóòtù. Ó gbà, kò pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kì í ṣe pé ìyà náà dùn mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n òfin ti wà nílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a lọ jìnnà fún àpẹẹrẹ. Lórí pápá bọ́ọ̀lù tiwa níhìn-ín, bí eléré bá gbá eléré bíi tirẹ̀ létí, rẹfirí yóò yọ káàdì pupa sí i lójú ẹsẹ̀, kò sì ní ṣeré nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kì í bi rẹfirí pé kóòtù wo ni ó ti dá a lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni kì í wí pé kí a jẹ́ kí ìdíje parí ná. Bí ó bá jẹ́ pé aya rẹ̀ ni ó gbá ní ojú, tí a sì pe ìpàdé lórí rẹ̀, oṣù kan kò ní tó láti parí i. Ǹjẹ́ ojú agbábọ́ọ̀lù níyì ju ojú ìyá ọmọ lọ bí?

Àwa mọ̀ pé ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀, a kò ní fi í pamọ́. Rẹfirí wà lórí pápá, ó fojú rí i. Nínú ilé kò sí rẹfirí. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń wí pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún kóòtù, nítorí pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí a ó fi dá a lẹ́bi. Òótọ́ ni, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn baba wa pàápàá wí pé agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi ogun wọ̀ ọ́ ní 1892, Òṣùgbó ni ó ń gbọ́ àwọn ẹjọ́ tí ó wúwo, ọwọ́ yẹpẹrẹ kọ́ ni wọ́n fi ń mú ẹjọ́ ní ilédì. Ìrọ́ lè wà, ẹ̀tàn lè wà, ọmọ ènìyàn lè fi ẹ̀sùn gba ẹ̀san.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ilé-ẹjọ́ ní agbára láti gba òmìnira ènìyàn, láti tì í mọ́lé. Nítorí náà ni ó fi gbọdọ̀ ní ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá kò lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ohun tí ó ní láti fún eléré ni ẹ̀wù rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ìyìn àwọn èrò. Ohun tí ó sì lè gbà náà nìyẹn. Bí akápò ẹgbẹ́ kan ní ìlú yìí bá gbọ́ ẹ̀sùn pé òun jí owó, ẹgbẹ́ kì í pè é ní olè, ṣùgbọ́n wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí. Kò sí ẹni tí ó ń pe èyí ní ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a gba ẹ̀wù lọ́wọ́ eléré fún ìgbà díẹ̀, kí a má pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, kí a má sì pè é ní aláìlẹ́ṣẹ̀, títí a ó fi gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Ní ti àwọn tí ń wí pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni, òfin ìjọba kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin lórí ìwà ipá inú ilé láti 2007. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 sọ pé ẹni tí ó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 3, tàbí kí ó san ìtanràn tí ó lè tó ₦200,000, tàbí kí ó fara gba méjèèjì. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa ṣe tirẹ̀ ní 2017. Ohun tí òfin ti pè ní ọ̀ràn, a kò lè máa pè é ní èdè-àìyedè.

Ọ̀rọ̀ inú ilé a sì máa di ọ̀rọ̀ ibojì. Agnes Tirop, ọmọ ilẹ̀ Kenya, jẹ́ asáré tí ó gba ipò kẹrin nínú eré ìje mítà 5,000 ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Tokyo. Ní oṣù September, 2021, ó sá eré kìlómítà 10 ní Jámánì ju bí obìnrin kankan ti í sá a rí nínú ìdíje àwọn obìnrin nìkan. Ní ọjọ́ 13 oṣù October ọdún náà, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Iten, ọgbẹ́ ọ̀bẹ wà lára rẹ̀; ọkọ rẹ̀ ni ìjọba fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Ní oṣù September, 2024, ọkùnrin tí ó ti bá Rebecca Cheptegei ti Uganda gbé rí da epo sí i lára, ó sì ṣáná sí i. Kò tíì pé oṣù kan tí obìnrin náà ti Òlíḿpíìkì ti Paris bọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ìyàwó eléré, eléré fúnra wọn ni wọ́n, òkìkí wọn sì kan gbogbo ayé, síbẹ̀ òkìkí kò gbà wọ́n. Kí ni a rò pé yóò gba ìyàwó eléré tí kò ní orúkọ, tí àwọn àgbà sì ti ní kí ó mú sùúrù?

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń wí pé àṣà wa ni kí ọkọ máa bá aya wí. A kò ní purọ́ mọ́ àwọn baba wa. Bí wọn kò bá lu obìnrin rí, wọn kì bá tí pa á lówe pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìkìlọ̀ ni òwe náà, kì í ṣe ìyìn. Nílé àwọn baba wa, obìnrin tí a bá lù ní ilé bàbá rẹ̀ láti sá lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ a sì bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkọ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó padà. Ìyàwó eléré òde òní lè má ní ẹbí nítòsí. Ẹgbẹ́ ni ó gbé wọn wá sí ìlú, ẹgbẹ́ ni ó gba ilé fún wọn. Nítorí náà ẹgbẹ́ ni ó wà ní ipò àna àti ẹbí fún un. Ẹni tí ó mú ènìyàn wá sí ìlú kò lè wí pé òun kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí níbẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Àwa dábàá nǹkan márùn-ún.

Èkínní, kí ẹgbẹ́ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé, kí a kà á sí etí eléré ní èdè tí ó yé e ní ọjọ́ tí ó bá ń tọwọ́ bọ ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i. Kí ìyà tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé àti fún ẹni tí ń jókòó dúró de àyè.

Èkejì, bí ẹ̀sùn tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ bá dé, bóyá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí pẹ̀lú ìwé dókítà, tàbí láti ẹnu ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀, kí eléré náà kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé owó yìí ni aya àti ọmọ ń jẹ. Bí ó bá mọ̀ pé ebi ni yóò pa àwọn ọmọ òun bí òun bá sọ̀rọ̀, kò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Kí a fi gbèdéke sí ìwádìí, kí ó má ju oṣù kan lọ.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ jẹ́ ẹni tí kò jẹ nínú èrè ẹgbẹ́. Kí olùkọ́ni má sí níbẹ̀, kí ẹni tí ń náwó fún ẹgbẹ́ má sí níbẹ̀, kí àwa bàbá ìsàlẹ̀ náà má sì sí níbẹ̀. Kí agbẹjọ́rò kan wà níbẹ̀, kí àwọn obìnrin tí ó ní làákàyè sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rán àgbà lọ bẹ obìnrin náà kí ó jáwọ́ nínú ẹ̀sùn rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ àgbà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lásán fún ọmọdé, àṣẹ ni. Bí ó bá tilẹ̀ fúnra rẹ̀ jáwọ́, kí ìwádìí máa lọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìyà ní ìwọ̀n, nítorí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ̀bi, kí ó fi eré tí iye rẹ̀ wà nínú òfin jókòó, kí ó lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó sì padà nígbà tí ó bá parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún un ṣe, kí ó máa lọ. Bí ìwádìí bá sì fi hàn pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, kí ẹgbẹ́ dìde ní gbangba, kí ó dá iyì rẹ̀ padà fún un, kí ó sì san ẹ̀bùn eré tí ó pàdánù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé èyí pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ ìlú kékeré. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni, ènìyàn mẹ́ta ni, ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Ìlú tí ó mọ ètò Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe, tí ń to ọkùnrin àti obìnrin lẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ orí wọn, tí olówó àti mẹ̀kúnnù fi ń wọ aṣọ kan náà lọ sí Òjúde Ọba lọ́dọọdún, kò lè wí pé òun kò mọ bí a ti í ṣe òfin tí kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Àkókò náà sì tó. Ní 2025, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, aládùúgbò wa, gba ife líìgì orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù May ọdún náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àwọn eléré gbogbo Nàìjíríà lálejò fún ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè ẹlẹ́ẹ̀kejìlélógún. A kò ní ẹ̀sùn kankan sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìdùnnú wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀ràn kò tíì dé ni a fi ń sọ̀rọ̀ nísinsin yìí. Òfin tí a bá ṣe nígbà tí kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wí pé òun ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá Dípò Dínà ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í wo ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù nìkan. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n sì ń kọ́ ohun tí ọkùnrin ń jẹ́ lára àwọn tí a bá gbé lé èjìká níwájú wọn.

Ní ìparí, ẹ̀yin ìjòyè wa, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Ẹ̀yin ni àwọn ẹgbẹ́ ń fi ṣe bàbá ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń sáré wá bá lálẹ́ pé kí ẹ bá àwọn bá ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kí eléré lè jáde kí ọjọ́ Sátidé tó dé. A fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, nígbà tí wọ́n bá tún dé, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: “Níbo ni obìnrin náà wà? Ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀?” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà lọ́jọ́ kan, orí ọmọ wọ́ lójú wa, a sì ń wo bọ́ọ̀lù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ire o.